Ẹ̀rọ Omi Ìta Nígbà Ọ̀gìnnìtìn: Kí Nìdí Tí Èyí Tí A Tì Pinpin Fi Ń Bẹ́?

Lọ́dọọdún, bí ọ̀gìnnìtìn bá ti ń sún mọ́lé láwọn ilẹ̀ olótùútù, ìkìlọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí: ẹ tètè múra, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí omi dì sínú páìpù yín. Ohun tó ń da orí èèyàn rú ni pé tó bá bi ẹni mẹ́ta léèrè ohun tó yẹ kó ṣe sí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé, èsì mẹ́ta ló máa gbà. Ọ̀kan á ní kó tì í pinpin. Èkejì á ní kó ṣí i sílẹ̀. Ẹ̀kẹta á ní kó jẹ́ kó máa kán tó, tó, tó mọ́jú. Ẹni tó dàgbà níbi tí omi kì í ti í dì nínú páìpù ò ní mọ èyí tó máa mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ kálukú ti wúlò ló yàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé wa kí àlàyé yìí tó parí: omi tó há sínú páìpù, tí kò rí ọ̀nà lọ, òun ló ń ba páìpù jẹ́. Bí a bá ti lé omi yẹn jáde, kò tún sí ohun tí òtútù máa rí dì mọ́ níbẹ̀.

Kí làwọn orúkọ tí a máa lò?

Ẹ̀rọ ìta ni mo máa pe ẹ̀rọ omi tó yọrí jáde lára ògiri ilé, èyí tí a fi ń bomi rin òdòdó tàbí fọ ọkọ̀. Páìpù tó ń gbé omi wá fún un gba inú ògiri kọjá, ó sì já mọ́ páìpù inú ilé. Fáàfù ni ohun tó ń dí omi lọ́nà láàárín páìpù. Ó lè ní orí roboto tí a ń yí léraléra, ó sì lè ní ọwọ́ pẹlẹbẹ tí a ń yí lẹ́ẹ̀kan péré. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni fáàfù tó wà nínú ilé níbi tó móoru, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìta nìkan ló ń dí omi fún. Fáàfù àpapọ̀ yàtọ̀ sí i: òun ló ń dí omi gbogbo ilé. Ẹ wá ibi tí àwọn méjèèjì wà kí òtútù tó dé, torí ìgbà tí omi bá ti ń ya wọ yàrá kọ́ ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá fáàfù kiri.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan báyìí. Tí ẹ bá ti ẹ̀rọ ìta lásán, ẹnu rẹ̀ nìkan lẹ dí. Omi ṣì kún inú páìpù lẹ́yìn ẹnu yẹn, ó gba inú ògiri tútù wọlé. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn nígbà tí olè ti wọlé tán.

Kí ló ń ṣe omi nígbà tó bá ń dì?

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa ń súnkì bó bá ń tutù. Omi náà ń súnkì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi máa tutù dé nǹkan bíi 4°C, àmọ́ láti ibẹ̀ lọ, ìwà rẹ̀ á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Nígbà tó bá wá dé 0°C tó sì di yìnyín, ààyè tó máa gbà á fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi tó kún ife 100, bó bá dì, á fẹ́ ààyè ife 109. Ẹni tó bá ti gbé ìgò omi tó kún dẹ́nu sínú fírísà rí ti fojú ara rẹ̀ rí i: ìgò ike á wú, ìgò gíláàsì á là.

Ìbéèrè tó kàn ni pé, nígbà tí páìpù kì í ṣe ìgò tí a dé, tó já sínú ilé lápá kan, kí ló dé tí yìnyín kò kàn ti omi padà sẹ́yìn? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Omi inú páìpù kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà láti òkè délẹ̀. Ibi tó tutù jù ló kọ́kọ́ ń dì, bóyá inú ògiri níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé. Yìnyín yẹn á dí páìpù bí ìdérí ṣe ń dí ìgò. Bó ṣe ń gbilẹ̀, á máa ti omi tó wà níwájú rẹ̀, omi náà á sì máa sún lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ ti tì pinpin. Kò ní rí ọ̀nà jáde níwájú, kò ní rí ọ̀nà padà lẹ́yìn. Ẹ mú abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń lò láìní ṣóńṣó, ẹ fa omi sí i, ẹ fìka dí ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá máa ti ìdí rẹ̀ bọ̀. Ẹ máa mọ bí omi tó há ṣe ń ti ìka yín. Agbára tó ń wá látinú yìnyín pọ̀ ju ti àtàǹpàkò lọ fíìfíì, ibi tí páìpù bá sì ti rọ jù ló máa là.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí páìpù ti bẹ́ lè má jẹ́ ibi tí yìnyín wà rárá. Mo ti mú irú páìpù bàbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ojú ibi tó ti là gùn tó ìka kan, etí méjèèjì sì ṣí síta bí ẹnu ẹja tó fẹ́ mí. Kò sí ìpẹtà níbẹ̀, kò sí ibi tí nǹkan ti gbá a. Omi tó wà nínú rẹ̀ ló là á láti inú wá. Àwọn páìpù rọ́bà kan wà tó lè fẹ̀ díẹ̀ kó sì súnkì padà, ṣùgbọ́n oríkèé tó so wọ́n pọ̀ àti ẹ̀rọ onídẹ tó wà níwájú wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń tan èèyàn jẹ: nígbà tí òtútù bá mú jù, omi lè máà jò. Yìnyín tó dí páìpù náà kì í jẹ́ kí omi ilé dé ojú ibi tó ti là. Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn tí yìnyín yọ́ ni omi máa ń ya sínú ògiri, tí onílé á sì máa sọ pé ṣebí òtútù ti lọ.

Ìwọ̀n òtútù wo ló léwu?

0°C ni omi ń dì, àmọ́ páìpù tó wà nínú ògiri ilé tí wọ́n ń mú gbóná ṣì máa ń rí ooru díẹ̀ jẹ, torí náà kì í dì ní gẹ́rẹ́ tí ìta bá dé 0°C. Àwọn tó ti ṣe ìwádìí lórí páìpù tí kò ní ìbora máa ń tọ́ka sí nǹkan bíi -7°C níta gẹ́gẹ́ bí ibi tí ewu ti ń le. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà yẹn ṣe odi ààbò o. Irin ni ẹ̀rọ ìta, ìta ló sì wà tọ̀sán-tòru. Irin a máa fa ooru inú páìpù jáde sínú afẹ́fẹ́. Atẹ́gùn kò lè mú kí omi tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, àmọ́ ó ń gba ooru ara rẹ̀ kíákíá. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ kéde pé omi lè dì lóru ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Báwo la ṣe ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ?

Rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ tú kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ gbé apá kan rẹ̀ sókè, kí ẹ máa rìn lọ títí omi inú rẹ̀ á fi dà tán, ẹ ká a, ẹ gbé e wọlé. Ohunkóhun mìíràn tí ẹ bá so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ tú u. Rọ́bà tó kún fún omi kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ gbẹ, bó ti wù kí ẹ ṣe ìyókù tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọlé lọ wá fáàfù. Ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ ti wọ ògiri níta, kí ẹ wá wá ibi kan náà nínú ilé, kí ẹ máa tẹ̀ lé páìpù lọ. Ó lè wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, lábẹ́ ibi ìfọwọ́ ilé ìdáná, tàbí nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Bó bá jẹ́ olórí roboto, ẹ yí i sí ọwọ́ ọ̀tún títí á fi dúró. Ẹ má fi agbára yí èyí tó ti gbó, torí ọ̀pá inú rẹ̀ lè kán. Bó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ pẹlẹbẹ, ojú lásán ti tó láti mọ̀: tí ọwọ́ rẹ̀ bá na tẹ̀ lé páìpù, ó ṣí nìyẹn, tó bá dábùú páìpù, ó ti tì.

Ẹ jáde, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ ìta tán pátápátá. Omi á tú jáde, á dín kù, á wá máa kán, á sì dá. Tó bá jẹ́ pé ó ṣì ń ṣàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, fáàfù inú ilé kò tì dáadáa nìyẹn, ẹ pe púlọ́mbà kí òtútù tó dé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró rèé, iṣẹ́ sì kù. Ẹ padà sọ́dọ̀ fáàfù, kí ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìdérí kékeré kan tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìta. Ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ rọra yí ìdérí náà sí ọwọ́ òsì. Ẹ máa gbọ́ ìró fìn-ìn, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé yẹn, lójijì ni omi tí ẹ rò pé ó ti tán á tún dà jáde, díẹ̀ sínú garawa, díẹ̀ níta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ó ju ife méjì lọ, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìta ti gbẹ lójú mi. Ìdí rẹ̀ kò le. Tí ẹ bá ki sítírọ̀ọ̀ bọ inú omi tí ẹ sì fìka dí orí rẹ̀, omi inú rẹ̀ kò ní dà bí ẹ tilẹ̀ gbé e sókè, àfìgbà tí ẹ bá gbé ìka kúrò. Ìdérí kékeré yẹn ni ìka. Tí omi bá ti dá, ẹ dé e padà ní ìwọ̀nba, kí ẹ má sì jẹ̀ẹ́ kí rọ́bà kékeré inú rẹ̀ sọnù.

Páìpù míì wà tó tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín ọ̀nà bí ìgbà tí okùn bá rọ̀, omi á sì jókòó síbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan náà sì ní ohun tí kì í jẹ́ kí omi ìta ṣàn padà sínú omi ilé, èyí tó máa ń dá omi díẹ̀ dúró sínú ara rẹ̀. Irú wọn gba kí púlọ́mbà fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ omi náà jáde.

Kí ló dé tí a fi ń ṣí i sílẹ̀ títí òtútù á fi lọ?

Torí omi tó ṣẹ́ kù ni. Kò sí bí a ṣe fà á tó tí ìkán díẹ̀ kò ní lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Tí ẹnu ẹ̀rọ bá ṣí, ìkán yẹn lè dì, kó fẹ̀, kò ní rí nǹkan bà jẹ́. Àǹfààní kejì ni pé tí fáàfù inú ilé bá ń jò díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, omi náà á jáde síta dípò kó máa kóra jọ lẹ́yìn ẹnu tí ẹ tì. Bí ẹ bá rí yìnyín tó ń gùn sísàlẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ láàárín ọ̀gìnnìtìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún fáàfù yẹn ṣe.

Ẹ̀rọ ìta tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ pẹlẹbẹ, tó ní bọ́ọ̀lù irin oníhò nínú, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Omi máa ń há sínú ihò bọ́ọ̀lù náà tí a bá tì í. Lẹ́yìn tí omi bá ti dà tán, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sí àárín méjì, kó má tì, kó má ṣí tán, kí omi inú bọ́ọ̀lù lè rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kì í dì ńkọ́?

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ṣe fún àwọn ilẹ̀ olótùútù. Lójú, ó jọ àwọn tó kù, àmọ́ ọrùn rẹ̀ gùn. Ìgbà tí ẹ bá yí orí rẹ̀ níta, ọ̀pá gígùn kan ló ń yí nínú ògiri, ibi tó ti ń dí omi gan-an sì wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sínú ilé tó móoru. Wọ́n máa ń jẹ́ kó dagun díẹ̀ síta, kí omi tó bá kù sínú ọrùn lè dà jáde fúnra rẹ̀ ní gbàrà tí a bá tì í. Ìyẹn ló fi máa ń kán fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tì í. Kò bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Orúkọ pé kò ń dì yìí ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn ní owó, mo sì wà lára wọn. Mo tì í, mo fi rọ́bà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Omi inú ọrùn gígùn yẹn kò rí ibi dà sí torí pé rọ́bà dí i lẹ́nu, ó dì síbẹ̀, ó sì la ọrùn náà nínú ògiri. Ní gbogbo ọ̀gìnnìtìn, ìkán omi kan kò jò, nítorí pé ibi tó là wà níwájú ibi tí ẹ̀rọ ti ń dí omi. Ìgbà tí ilẹ̀ móoru tí mo ṣí i láti bomi rin òdòdó ni omi ya gba inú ògiri. Níta, omi ń jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nínú ilé, kápẹ́ẹ̀tì ti ń rin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ yìí, títú rọ́bà kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni ààbò tó ṣe pàtàkì jù.

Bí kò bá sí fáàfù nínú ilé ńkọ́?

Àwọn ilé kan wà bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tó ti pẹ́. Ohun tó dára jù ni kí púlọ́mbà fi fáàfù kan sí i. Kó tó dìgbà yẹn, ìbora lẹ máa gbára lé: fìlà fóòmù tí wọ́n ń ta fún orí ẹ̀rọ, àti fóòmù onírobotó tí wọ́n ń fi wọ páìpù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ohun tí ìbora ń ṣe yé yín. Kò ní ooru kankan tirẹ̀. Tí ẹ bá fi aṣọ bo ọmọ, á móoru, nítorí pé ọmọ ní ooru lára. Tí ẹ bá fi aṣọ kan náà bo òkúta, òkúta á tutù síbẹ̀ ni. Ooru tó ń bọ̀ látinú ilé sára páìpù ni ìbora ń dá dúró kó má tètè lọ. Ó lè kó yín yọ lóru kan tí òtútù kò mú púpọ̀, kò lè gbà yín tí òtútù líle bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ dí àlàfo tó bá wà láàárín páìpù àti ògiri kí atẹ́gùn má gbabẹ̀ wọlé. Tí páìpù bá gba inú kọ́bọ́ọ̀dù kọjá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ lóru kí ooru yàrá lè dé ibẹ̀.

Ìmọ̀ràn pé kí omi máa kán mọ́jú ńkọ́? Ẹ̀rọ inú ilé ló wà fún, irú èyí tí páìpù rẹ̀ gba ara ògiri ìta. Omi tó ń rìn kì í tètè dì, bí yìnyín bá sì dí páìpù, ẹnu tó ṣí ń jẹ́ kí omi tó há rí ọ̀nà jáde, kò sì ní là páìpù. Níta ní tiẹ̀, omi tó ń kán á dì lẹ́nu ẹ̀rọ, á sì di yìnyín tó ń yọ̀ nílẹ̀, tó lè gbé èèyàn ṣubú.

Wáyà tó ń gbóná tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù náà wà. Èyí tó lè pa ara rẹ̀ tó sì lè tan ara rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì jẹ̀ẹ́ kó gorí ara rẹ̀ níbi kankan, àyàfi tí ìwé tó bá a wá bá ní kò séwu, nítorí pé ó lè dá iná sílẹ̀.

Ó ti dì ná, kí ni ṣíṣe?

Tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ tí omi kò wá, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ lọ ti fáàfù tó ń fún un lómi. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ ti fáàfù àpapọ̀, kó má di pé páìpù ti là tí omi á wá máa ya bí yìnyín bá yọ́. Ẹ rẹ aṣọ ìnura sínú omi gbígbóná kí ẹ fi wé ẹ̀rọ náà, tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, níbi tí omi kò ti lè ta sí i. Láti ẹnu ẹ̀rọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí omi tó bá yọ́ lè rí ibi jáde. Ẹ má fi iná kàn án rárá, ì báà jẹ́ ti gáàsì tàbí ti àbẹ́là. Igi wà nínú ògiri, ilé sì ti jó rí nípa bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo la máa dá omi padà?

Ìgbà tí omi kò bá dì lóru mọ́. Ẹ ti ẹ̀rọ ìta ná, ẹ rí i pé ìdérí kékeré ara fáàfù le dáadáa, kí ẹ wá rọra ṣí fáàfù inú ilé, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró nínú ilé, kó máa wo páìpù kó sì fetí sí ògiri, nígbà tí ẹ̀yin bá ń ṣí ẹ̀rọ níta. Fún ẹ̀rọ ọlọ́rùn gígùn, ẹ ṣí i tán kí ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀. Tí páìpù bá dá ṣáká, omi á máa ti ìka yín, kò ní rọrùn láti dí. Tí ìka yín bá dá a dúró wẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí omi ti máa gba ibòmíràn jáde nínú ògiri. Ẹ sáré tì í, ẹ ti fáàfù inú ilé, kí ẹ sì pe púlọ́mbà lọ́jọ́ náà.